Oyè Lẹ́yìn Ikú: Ta Ni Àmì Ẹ̀yẹ Orin Wúlò Fún?

Wọ́n ti ta kánópì dí òpópónà kékeré kan ní Nassarawa, ní ìlú Minna. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2026. Ọyẹ́ kò tíì kúrò nílẹ̀. Eruku bo àwọn àga oníke, ó bo ìdérí ìkòkò ìrẹsì, ó sì bo awọ gángan tí bàbá àgbàlagbà kan gbé kọ́ èjìká. Ìkómọ ni wọ́n ń ṣe. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá ọmọ, ọmọ Bida ni ìyá ọmọ. Àwọn àlejò á kí ìyá ọmọ ní Nupe, wọ́n á fi Hausa pe ọmọdé tó ń ta omi, wọ́n á sì padà sórí àwàdà wọn ní Yorùbá.

Bàbá onílù yìí kì í béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti pẹ́ ní Nassarawa. Ó mọ ilé tí kálukú ti wá, ó sì mọ oríkì wọn. Ẹni tó bá fi ìlù kì á dìde, á jó, á lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ọmọkùnrin kan ń ṣa owó náà sínú ọ̀rá dúdú.

Àfi bí ọ̀dọ́kùnrin kan ṣe kígbe láti ibi tó ti ń wo fóònù rẹ̀: "Wọ́n ti fún Fẹlá ní Grammy!" Ariwo sọ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bàbá dá kọ̀ǹgọ́ dúró. "Fẹlá tó ti kú?"

"Òun náà ni, Bàbá."

"Ta ló wá bá a gbà á?"

"Àwọn ọmọ rẹ̀ ni, sà."

"Ọlọ́run á jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣé owó ń bẹ níbẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ìlù tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè bàbá yẹn jinlẹ̀ ju ẹ̀rín tí wọ́n fi gbà á lọ, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ bó ṣe tọ́.

Ohun tí wọ́n fún Fẹlá

Kò sí owó níbẹ̀. Ère kan ni Grammy, kì í bá owó rìn. Ní Los Angeles, ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2026, ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní Grammy fi àmì ẹ̀yẹ àṣeyọrí ìgbésí ayé dá Fẹlá Aníkúlápó-Kútì lọ́lá. Cher, Chaka Khan, Carlos Santana, Paul Simon àti olóògbé Whitney Houston wà lára àwọn tí wọ́n jọ gbà á. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń fúnni ní oyè yìí. Fẹlá ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó máa gbà á.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1997 ni Fẹlá kú. Ó lé ní ọdún 28 tó ti wà nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní oyè yìí.

Ọdún kan ṣáájú, ní 2025, wọ́n ti mú orin rẹ̀ "Zombie" wọ Gbọ̀ngàn Òkìkí ti Grammy, ibi tí wọ́n ń to orúkọ àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n kà sí ohun ìṣúra sí. Kí ẹni tó bá mọ ìtàn orin náà fara balẹ̀ ronú sí i. Àwọn sójà ló fi orin yẹn bá wí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, ọ̀pọ̀ sójà ya wọ ilé rẹ̀ ní Èkó, èyí tó pè ní Kalakuta. Wọ́n na ọkùnrin, wọ́n na obìnrin, wọ́n sì dáná sun ilé náà. Wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé. Màmá kò bọ́ nínú ìpalára yẹn. Ó kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní sójà tí a kò mọ̀ ló ṣe é.

Téèpù ìpilẹ̀ṣẹ̀, àwọn ohun èlò orin, gbogbo ohun tó wà nínú ilé yẹn ló bá iná lọ. Kò sí Grammy tó lè dá wọn padà.

Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un ní Amẹ́ríkà, inú mi dùn, ọkàn mi sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àjèjì ló pè é ní àgbà. Ní ilé, àwọn tí wọ́n jó ilé rẹ̀ kò jẹ́jọ́ títí dòní.

Ìbò tí kò tó

Gbọ̀ngàn mìíràn wà tó lókìkí ju ti Grammy lọ, èyí tó wà ní Cleveland ní Amẹ́ríkà fún àwọn olórin rock. Ọdún 1983 ni wọ́n dá àjọ rẹ̀ sílẹ̀, ọdún 1986 ni wọ́n mú àwọn àkọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn ọdún 25 tí olórin bá ti gbé rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ni wọ́n tó lè dárúkọ rẹ̀.

Ní 2021, wọ́n dárúkọ Fẹlá. Àwọn èèyàn wa dìde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dìbò fún un ju ìlàjì mílíọ̀nù lọ. Ipò kejì ló ṣe nínú ìbò àwọn olólùfẹ́ orin; Tina Turner nìkan ló ṣáájú rẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò mú un lọ́dún náà. Wọ́n tún dárúkọ rẹ̀ ní 2022, wọn kò tún mú un.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dìbò kò mọ̀ ni pé gbogbo ìbò aráàlú pátá, bó ti wù kó pọ̀ tó, ìbò kan ṣoṣo ló dúró fún láàárín ìbò àwọn olùdìbò tí àjọ náà yàn, tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún. Àwọn yẹn ló ń pinnu.

Olùkọ́ yunifásítì kan tó ń kọ́ni nípa orin ilẹ̀ Áfíríkà là á fún mi báyìí: "Ẹni tó bá ní gbọ̀ngàn ló ń yan ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Àwa ń bínú pé wọn kò jẹ́ kí Fẹlá wọlé Cleveland. Ó dáa. Gbọ̀ngàn tiwa dà tí Haruna Ishola olórin àpàlà wà nínú rẹ̀?"

Oyè kì í ṣe ohun àjèjì sí wa

Ká má rò pé òyìnbó ló kọ́ wa ní dídá olórin lọ́lá. Ní 1992, Aláàfin Lamidi Adéyẹmí Kẹta dé Sàláwà Àbẹ̀ní ládé gẹ́gẹ́ bí ayaba orin wákà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, Aláàfin kan náà fi Wàsíù Àyìndé, olórin fújì, jẹ Máyégún ilẹ̀ Yorùbá, gbogbo Ọ̀yọ́ sì kún fọ́fọ́. Ní ìhà ibi tí Minna wà, àwọn Nupe kò jẹ́ gbàgbé Hájíà Fatima Lolo, akọrin wọn tí wọ́n ń fi oyè Sagi pè. Ní ilẹ̀ Hausa, Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria fi oyè ọ̀mọ̀wé dá akọrin Mamman Shata lọ́lá. Shata kò lọ sí yunifásítì kankan.

Ìjọba náà kò fi bẹ́ẹ̀ sùn. Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fún I. K. Dáíró ní oyè MBE ní 1963, nígbà tí jùjú ṣì jẹ́ orin tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń yínmú sí. Haruna Ishola, bàbá àpàlà, gba MON ti Nàìjíríà ní 1981. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kú.

Àwọn àgbà ní, yinniyinni, kẹ́ni lè ṣe mìíràn. Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Ìdí tí a fi ń yin èèyàn ni kó lè gbọ́, kí orí rẹ̀ wú, kó sì tún ṣe èyí tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Dáíró gbọ́ ti ẹ̀, ó sì lo ọdún tó lé ní ọgbọ̀n sí i láyé. Sàláwà gbọ́. Òkú kò lè ṣe mìíràn. Ìyìn tí a fún òkú, àwa alààyè ló wà fún, àwa náà la gbọ́dọ̀ fi í ṣe nǹkan kí ó má bàa jẹ́ ariwo lásán.

Àwọn kan á sọ pé ìyìn òkú náà ń so èso. Òótọ́ ni. Ọkùnrin kan tó ń kó orin sórí mẹ́mọ́rì káàdì fún àwọn oníbàárà nítòsí ọjà ní Minna sọ fún mi pé àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí Fẹlá kú ń wá béèrè orin rẹ̀ lọ́wọ́ òun lẹ́yìn ìròyìn náà. "Burna Boy ni wọ́n máa ń wá gbà tẹ́lẹ̀," ló wí. "Ní báyìí, wọ́n á ní kí n bá àwọn fi ti Fẹlá sí i." Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Obìnrin tó wà lẹ́yìn ogún náírà

Ẹ bá mi yí ogún náírà sẹ́yìn. Obìnrin tí ẹ rí níbẹ̀, tó ń mọ ìkòkò, Ladi Kwali ni, ọmọ Gbagyi. Kì í ṣe olórin, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kọ́ wa ju ti ọ̀pọ̀ olórin lọ nípa ohun tí ẹ̀yẹ lè ṣe.

Abúlé Kwali ni wọ́n bí i sí. Ọwọ́ lásán ló fi ń mọ ìkòkò, ó ń fi amọ̀ gígùn yí ara wọn ká títí tí ikùn ìkòkò á fi yọ, á wá fa àwòrán aláǹgbá, ejò àti àkeekèé sí i lára. Ní 1954 ó dara pọ̀ mọ́ ibùdó ìkòkò tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Abuja nígbà náà, tó di Suleja lónìí, ní ìpínlẹ̀ Niger. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Òun náà gba MBE ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Yunifásítì Ahmadu Bello fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1977, ìjọba àpapọ̀ sì fún un ní ẹ̀yẹ àwọn àgbà onímọ̀ ní 1980. Minna ló kú sí ní 1984.

Gbogbo oyè wọ̀nyí ni wọ́n fún un kó tó kú. Wọ́n sì ṣe ohun tó ju ìwé ẹ̀rí lọ: wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ibùdó ìkòkò Suleja, àwọn ìkòkò rẹ̀ sì wà ní ààbò nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ wá fi èyí wé ti olórin. Ìkòkò ṣeé gbé sórí pẹpẹ. Bí olórin bá kú tí wọn kò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ni a máa gbé sórí pẹpẹ?

Olórin afọ́jú àti òǹkọ̀wé tí wọ́n bí ní Minna

Ní 1921, wọ́n bí ọmọkùnrin Igbo kan ní Minna, ìlú tí ojú irin sọ di ìpàdé ẹ̀yà. Ọmọ náà ni Cyprian Ekwensi, ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé Nàìjíríà tí ayé kọ́kọ́ mọ̀. Ní 1960, ó gbé ìwé ìtàn kan jáde fún àwọn ọ̀dọ́, The Drummer Boy, nípa ọmọ afọ́jú kan tó ń lùlù tó sì ń kọrin káàkiri.

Èèyàn gidi ló wà nídìí ìtàn yẹn. Benjamin Adérounmú lorúkọ rẹ̀, gbogbo Èkó mọ̀ ọ́n sí Kòkòrò. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti bí i ní 1925, ìdílé ọba ló ti jáde. Ojú rẹ̀ fọ́ ní kékeré, ó wá sí Èkó, ó ń fi ìlù pẹlẹbẹ kékeré kan kọrin ní títì, ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, níbi tí àwọn èèyàn ti ń dúró de mọ́tò. Ohùn rẹ̀ dé orí rédíò, ó sì wà nínú ìwé tí àwọn ọmọ iléèwé ń kà.

Síbẹ̀ títì ló ń kọrin, ohun tí èrò ọ̀nà bá fi sílẹ̀ ló ń jẹ. Ekwensi gba oyè MFR ti Nàìjíríà ní 2001. Kòkòrò kú ní oṣù Kìíní ọdún 2009. Mo mọ̀ pé ó tọ́ sí Ekwensi. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìwé nípa olórin náà dé ibi tí olórin fúnra rẹ̀ kò dé.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Minna kò mọ̀ pé ìlú wọn ni wọ́n ti bí ẹni tó kọ ìtàn ọmọ Ọ̀wọ̀ yẹn. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ta ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn?

Ẹ̀yẹ tún máa ń ní àrùn kan lára: ẹni tí wọ́n bá to orúkọ rẹ mọ́. Ní 2014, nígbà tí ìjọba Goodluck Jonathan ń ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún Nàìjíríà, wọ́n to orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ dá lọ́lá. Orúkọ Sani Abacha, olórí ìjọba ológun nígbà kan, wà níbẹ̀. Wọlé Ṣóyínká ní òun kò gbà á. Ìdílé Kútì náà kọ èyí tí wọ́n fẹ́ fún Fẹlá. Wọn ò jẹ́ kí wọ́n pa àwọn tí wọ́n jìyà àti ẹni tó fi ìyà jẹ ará ìlú pọ̀ sínú àpò kan.

Ní Minna, gbọ̀ngàn eré tí ìpínlẹ̀ ní, orúkọ U. K. Bello ni wọ́n fi pè é, sójà tó kú nínú ìdìtẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún 1990. Mo bọ̀wọ̀ fún ikú rẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ló kú sí. Ṣùgbọ́n ilé orin àti eré ni ilé yẹn. Mo fẹ́ ọjọ́ tí ọmọdé á wọ inú rẹ̀ tí á rí àwòrán akọrin Nupe, ti onílù Gbagyi, ti àyàn Yorùbá tí ìlù rẹ̀ ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ Minna jáde, tí á sì tẹ bọ́tìnì kan láti gbọ́ ohùn wọn.

Owó dà?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè bàbá onílù. Owó olórin kò sí nínú ère. Inú òfin ló wà.

Nàìjíríà ṣe òfin kọ́píráìtì tuntun ní 2022, Ààrẹ Buhari sì buwọ́ lù ú ní 2023. Lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó kọ orin ní ẹ̀tọ́ lórí ọ̀rọ̀ àti ohùn orin náà títí tó fi kú, àwọn àrólé rẹ̀ á sì ní in fún ọdún 70 sí i. Ohùn tí wọ́n gbà sínú àwo, ọdún 50 ni tirẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n gbé e jáde. Ẹ bá mi ṣírò ti Haruna Ishola: àwọn àwo tó ṣe ní àwọn ọdún 1960 ti kọjá àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n orin tó kọ ṣì jẹ́ ti àwọn ọmọ rẹ̀ títí di 2053. Rédíò tó bá fi í síta, òtẹ́ẹ̀lì tó bá fi í dá àlejò lára yá, ó yẹ kí wọ́n sanwó.

Ta ló ń san án? Agbẹjọ́rò kan tó ń ṣe irú ẹjọ́ báyìí sọ pé ìjà àárín àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ fún olórin ti pẹ́ débi pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò fi í ṣe àwáwí láti má san kọ́bọ̀. Ó fi kún un pé: "Oníbàárà mi kan ní àmì ẹ̀yẹ tó kún ògiri. Owó ilé ìwòsàn ni kò ní."

King Sunny Adé, tí wọ́n dárúkọ fún Grammy lẹ́ẹ̀mejì, kò dúró de ẹ̀yẹ kó tó mọ èyí. Ó kúrò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ jáde ní àárín àwọn ọdún 1970, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì bá wọn fa ẹjọ́ lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Mo ka ìjà yẹn sí iṣẹ́ tó ṣe fún gbogbo olórin tó tẹ̀ lé e, bí kò tilẹ̀ sí ère tí wọ́n fún un fún ìyẹn.

Àti bàbá onílù Nassarawa? Owó inú òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí kò sí àwo kankan tó ṣe. Ohun tó ń lù kò sí níbi kankan àfi ní orí rẹ̀ àti ní ọwọ́ rẹ̀.

Téèpù tí wọ́n pa rẹ́

Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kan tó ti ṣiṣẹ́ rédíò ní àríwá fún ọ̀pọ̀ ọdún sọ ohun tí kò jẹ́ kí n sùn. Láyé àtijọ́, ló wí, wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ lọ sí abúlé láti gba orin sílẹ̀: orin oko àwọn Gbagyi, orin ìgbéyàwó Nupe, ìlù Yorùbá níbi ọdún. Nígbà tí owó téèpù tuntun kò sí mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìròyìn lé orí àwọn téèpù náà.

"Ọ̀rọ̀ àwọn kọmíṣọ́nnà ló wà lórí wọn báyìí," ni bàbá náà sọ. "Ohùn àwọn àgbà yẹn ti lọ."

Gbogbo ohun tí mo ní í sọ nípa gbọ̀ngàn òkìkí wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Gbọ̀ngàn tó bá jẹ́ ibi jíjẹ àsè àti yíya fọ́tò, mi ò ní í bá a du nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kó téèpù pamọ́, tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tó ni orin sílẹ̀ kí owó lè mọ ilé tó máa lọ, tí wọ́n sì ti ń pe àgbà olórin kó wá kọ́ ọmọ ní ìlù kó tó kú, ó ṣe pàtàkì bí ilé ìwòsàn ṣe ṣe pàtàkì.

Ìpínlẹ̀ Niger pé àádọ́ta ọdún ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2026, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n dá Fẹlá lọ́lá ní Los Angeles. Mo rọ ìjọba ìpínlẹ̀ náà àti àjọ àṣà rẹ̀: ẹ má kọ́kọ́ kọ́ ilé. Ẹ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ jáde, ẹ lọ sí Bida, sí Paiko, sí Nassarawa. Ẹ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ wọn àti ti ìlú wọn, kí ẹ sì sanwó fún wọn lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ìdílé tí ẹ ní kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nínú àpótí, yálà ti ìgbéyàwó ni tàbí ti òkú àgbà tí onílù àdúgbò lù, ẹ má dà á nù. Ẹ wá ẹni tó lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà lọ́dún yìí, nítorí téèpù ń jẹrà. Ẹ kọ orúkọ onílù náà mọ́ ọn. Bó bá ṣì wà láàyè, ẹ pè é kó wá gbọ́ ọ.